Owó Oṣù Ọmọ Ilé

Jẹ́jẹ́ da gbogbo ohun tó wà nínú báàgì ẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Kóòmù jáde, jígí kékeré jáde, bisikíìtì tó ti rún jáde, ṣùgbọ́n láísẹ́ńsì tó ń wá kò sí níbẹ̀. Ó gbé ìrọ̀rí, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tún padà wá gbọn báàgì tó ti gbọn tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé báàgì náà lè yí èrò ẹ̀ padà. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Ọ̀gá gáréèjì àwọn ọkọ̀ akódọ̀tí ti sọ fún un lánàá pé kó mú láísẹ́ńsì náà wá kó tó di ọ̀sán. Ó ní tí òun ò bá rí i, ọkùnrin kan wà ní sẹpẹ́ tó máa fò mọ́ iṣẹ́ náà.

"Màmá! Ẹ bá mi rí láísẹ́ńsì mi?"

Ìyá ẹ̀ wà nídìí tábìlì ìdáná, ó ń gé búrẹ́dì. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ ẹ̀. Ó kàn gbójú sókè, ó wo ẹnu ọ̀nà iwájú níbi tí bàbá jókòó sí lórí bẹ́ńṣì, ó sì ń gé búrẹ́dì ẹ̀ lọ.

Jẹ́jẹ́ ò bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó jáde síta kíákíá, ilẹ̀kùn sì gbá ògiri gbàgà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ má wo ti orúkọ ẹ̀ o. Níbi tó ti kọ́ ọkọ̀ wíwà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, nítorí pé tó bá ti tẹná mọ́ ọkọ̀, ẹni tó ń kọ́ ọ á di dáṣíbọọ̀dù mú, á máa ké pé "Jẹ́jẹ́! Jẹ́jẹ́!" títí wọ́n á fi padà dé. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn, ìwà ẹ̀ ò lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó kọ́ ọkọ̀ náà yege, ó sì gba láísẹ́ńsì ọkọ̀ ńlá, èyí tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin àdúgbò ò ní.

Bàbá ti wọ yunifọ́ọ̀mù funfun ẹ̀. Ẹ má bi mí pé yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́ wo, torí pé ọkùnrin náà ò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́. Látìgbà tí ojú ẹ̀ ti ń ṣú ni Màdáámú, ẹni tó ń wa ọkọ̀ fún tẹ́lẹ̀, ti ní kó lọ sinmi. Síbẹ̀, àràárọ̀ ló ń lọ aṣọ náà, tó ń wọ̀ ọ́, tó ń jókòó síta nínú ẹ̀. Ó ń kun bàtà lọ́wọ́ báyìí, ìka ló sì fi ń wá ibi tí pólíìṣì ò tíì dé.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, Jẹ́jẹ́ mi. Ṣé o sùn dáadáa?"

"Láísẹ́ńsì mi dà?"

"Ó wà níbi tó yẹ kó wà." Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo imú bàtà. "Mo mú un lọ fún Màdáámú lánàá. Dírẹ́bà kejì tí wọ́n gbà lẹ́yìn mi tún ti sá lọ, aláìmoore ọmọ. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní, 'Bàbá, mi ò fẹ́ àjèjì nínú ọkọ̀ mi mọ́. Ẹ fún mi ní ọmọ yín, ọmọ ilé náà ni.' O gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́? Ọmọ ilé."

Àṣà ilé Màdáámú nìyẹn. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ fún un, inú dúrọ́ọ̀ pálọ̀ ẹ̀ ni láísẹ́ńsì onítọ̀hún ń gbé. Tí wọ́n bá fẹ́ jáde, Màdáámú á yọ ọ́ fún un; tí wọ́n bá dé, á dá a padà síbẹ̀. Wọ́n ní kí dírẹ́bà má baà sá lọ síbi tí owó bá ti dùn jù ni. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ìdè ni, àfi bàbá Jẹ́jẹ́. Ọlá lòun gbà pé ó jẹ́, ó sì fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé ọlá náà lọ bá ọmọ ẹ̀ gbà.

"Ẹ wọ inú báàgì mi, Bàbá?"

"Ṣé báàgì àjèjì ni?"

"Ẹ mọ̀ pé wọ́n ń retí mi ní gáréèjì lónìí. Ẹ mọ̀!"

"Gáréèjì wo? Ibi ìdọ̀tí yẹn?" Ó gbé bàtà sílẹ̀. "Kí àwọn èèyàn máa sọ pé ọmọ mi ń kó pàǹtí kiri? Èmi tí mi ò jẹ́ kí eruku balẹ̀ sórí ọkọ̀ rí láyé mi! Ọkọ̀ Màdáámú, èéfín ẹ̀ gan-an ń ta sánsán."

"Iye tí ọkọ̀ akódọ̀tí ń san lóṣù kan, Bàbá, Màdáámú ò fún yín tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan."

"Ta ló ń bá Màdáámú ṣírò owó? Èmi ò ṣe òṣìṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọ ilé ni mí."

Ẹ gbọ́ o! Ọmọ ilé. Ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ju Màdáámú lọ, tó gbé e lọ sílé ìwòsàn nígbà tó ń rọbí, tó gbé ọmọ tí wọ́n bí náà lọ síléèwé títí ó fi gboyè, òun ni wọ́n ń pè ní ọmọ. Tí oṣù bá sì parí, wọ́n á fún ọmọ ní nǹkan. Nǹkan ni wọ́n ń pè é, wọn ò pè é lówó oṣù rí: "Bàbá, ẹ fi èyí mú nǹkan dání lọ sílé." Lóṣù kan ó lè jẹ́ owó díẹ̀, lóṣù mìíì ó lè jẹ́ ìrẹsì tó ń ṣe kòkòrò, tàbí ṣẹ́ẹ̀tì tí ikùn Ọ̀gá, ọkọ Màdáámú, ti tóbi jù fún. Ẹ̀rín ni wọ́n á sì máa fi fún un. Èyí tó ń bí èèyàn nínú jù nìyẹn, ẹ̀rín yẹn.

Onítákísí tó ń gbé yàrá kejì ti gbọ́ ariwo. Ó jáde, aṣọ ìnura lọ́rùn, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Kò sí ẹjọ́ kan ní agboolé yẹn tí kì í bá wọn dá.

"Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ jẹ́ ká jẹun ná ká tó jà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, Bàbá Dírẹ́bà, ọmọ yín mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ wo èmi. Mo ń wa tákísí láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó lọkọ̀ á gba tiẹ̀, epo á gba tiẹ̀, mẹkáníìkì á gba tiẹ̀, èyí tó bá kù lọ́wọ́ mi, ọṣẹ ni mo fi ń rà. Ọ̀rẹ́ mi ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé. Táwọn ọmọ bá gba ìsinmi, owó ẹ̀ náà á gba ìsinmi, ikùn ẹ̀ nìkan ni kì í sinmi. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ agbépo ń rówó gidi o, èmi ò jẹ́ parọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ wo ojú ìyàwó ẹ̀ tó bá ti lọ. Obìnrin náà kì í sùn. Ọkọ̀ akódọ̀tí ní tiẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú ló ń san án, oṣooṣù, kò yẹ̀. Tó o bá ṣàìsàn, wọ́n á tọ́jú ẹ."

"Kí ló wá dé tí ìwọ ò lọ wà á?" Ìyàwó ẹ̀ ló sọ̀rọ̀ látinú yàrá.

"Èmi? Òórùn yẹn!"

"Òórùn wo? Ìwọ tí ìbọ̀sẹ̀ ẹ ń lé ológbò jáde nílé!" Obìnrin náà yọrí lójú fèrèsé. "Ọkùnrin lè wa ọkọ̀ ìdọ̀tí, kò burú. Obìnrin ńkọ́? Jẹ́jẹ́, ta ló máa fẹ́ obìnrin tó ń rùn bí àkìtàn?"

"Ẹni tí imú ẹ̀ bá dí, Ìyàwó Onítákísí," Jẹ́jẹ́ dáhùn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí bàbá ẹ̀. "Bàbá, ṣebí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà ń sọ̀rọ̀. Ó ní ojú òsì ti lọ. Ó ní tá a bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, ti ọ̀tún á là, ṣùgbọ́n tá a bá fi falẹ̀, ó tán nìyẹn. Mo ti ṣèṣirò ẹ̀. Tí mo bá wa ọkọ̀ akódọ̀tí, màá lè san án kó tó pẹ́ jù. Tó bá jẹ́ ti Màdáámú, kí la máa fi san án? Ṣé ṣẹ́ẹ̀tì Ọ̀gá la máa gbé fún dókítà?"

Onítákísí yọ búrọ́ọ̀ṣì kúrò lẹ́nu, ó wo ilẹ̀, ó sì rọra wọlé. Bàbá ń fi ọwọ́ wá bàtà kejì nílẹ̀, bàtà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ gan-an, kò rí i. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun le jù, ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò kó o jẹ.

Ìyá jáde wá. Ó gbé tíì àti búrẹ́dì sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ ẹ̀. Obìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta láti ìgbà tí Jẹ́jẹ́ ti wà lẹ́yìn ẹ̀, àwọn oníbàárà ẹ̀ pàápàá ò mọ ohùn ẹ̀ dáadáa.

"Bàbá Jẹ́jẹ́," ó ní, "ní gbogbo ọdún tẹ́ ẹ fi jẹ́ ọmọ ilé lọ́hùn-ún, ta ló ń bọ́ ọmọ ilé níbí?"

Bàbá gbé ife tíì. Kò mu ún.

"Mi ò bínú," ìyá ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. "Tí mo bá fẹ́ bínú ni, ì bá ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wọ bàtà yín, kẹ́ ẹ bá ọmọ yìí lọ gba nǹkan ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mú un lọ. Wọn ò ní fún òun nìkan."

"Kí n lọ gba ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fún èèyàn? Ojú á tì mí."

"Kó tì yín díẹ̀. Kò ní pa yín."

Ó wọlé padà. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó di okùn bàtà ẹ̀.

Jẹ́jẹ́ fẹ́ di bàbá lọ́wọ́ mú níbi tí wọ́n ti sọdá títì, bàbá sì ja ọwọ́ ẹ̀ gbà bí ọmọdé. Nínú bọ́ọ̀sì, ó jókòó gbọnrangandan, ó kọjú síwájú. Nígbà tí wọ́n dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì.

"Gíá kẹta ni dírẹ́bà yìí fi ń gun òkè," bàbá ní. "Ẹ́ńjìnnì ń sunkún, kò gbọ́. Etí ẹ̀ ti di."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Jẹ́jẹ́, ó gbé e mì.

"Ìwọ náà, má rẹ́rìn-ín. Ìwọ kì í gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Tó o bá ti yí gíá tán, ẹsẹ̀ ẹ á ṣì wà níbẹ̀."

"Bàbá, ẹ ò wọ ọkọ̀ tí mo wà rí."

"O wa ọkọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọ kọjá níwájú ilé wa nígbà tó o fẹ́ ṣe ìdánwò. Mo gbọ́ ọ láti orí bẹ́ńṣì."

Jẹ́jẹ́ wo bàbá ẹ̀. Kò mọ̀ pé ọkùnrin náà mọ ọjọ́ tóun kọjá. Nígbà náà, ńṣe ló jókòó bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹni tó ń ṣọ́ géètì Màdáámú yọ̀ mọ́ bàbá, ó ṣílẹ̀kùn fún wọn, ó ní Màdáámú ń jẹun àárọ̀, kí wọ́n dúró díẹ̀. Bàbá ò bèèrè ibi tí wọ́n máa dúró sí. Ó fi ẹsẹ̀ mọ ọ̀nà lọ sí bẹ́ńṣì onípákó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ó sì jókòó sí igun ẹ̀. Igi ti jẹ níbẹ̀, ó ti wọ kòtò, ó bá ìdí bàbá mu rẹ́gí. Jẹ́jẹ́ jókòó sí igun kejì, ibẹ̀ ṣì tẹ́jú.

Wọ́n dúró. Ẹnì kan fọ abọ́ nínú ilé, ẹnì kan tan rédíò, wọ́n tún pa á. Òjìji gáréèjì tó bò wọ́n lẹ́sẹ̀ ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe ń ṣe é, Bàbá?"

"Kí ni?"

"Ìdúró yìí. Lójoojúmọ́."

"Èèyàn á máa ronú."

"Nípa kí ni?"

Bàbá fi ìka tọ igun bẹ́ńṣì tó ti jẹ. "Mo ti gbàgbé," ó ní.

Oòrùn dé orúnkún Jẹ́jẹ́. Ó dìde.

"Ibo lò ń lọ? Jẹ́jẹ́! Ẹ̀yìn là ń gbà wọlé! Jẹ́jẹ́!"

Kò dúró. Ó gba iwájú ilé lọ, ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ wéréwéré, ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri.

Màdáámú fúnra ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa obìnrin náà: kò níkà nínú. Ojú ẹ̀ tú ká nígbà tó rí wọn. Ó dì mọ́ Jẹ́jẹ́, ó ní ó mà ti dàgbà o, ó ní ṣebí òun lòun ra bàtà tó fi kọ́kọ́ lọ síléèwé. Ó fà wọ́n wọ pálọ̀. Jẹ́jẹ́ jókòó. Bàbá dúró ti ògiri, ó fọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, níbi tó máa ń dúró sí.

"Inú mi dùn pé o wá," Màdáámú ní. "Tó bá wù ẹ́, wàá bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo fẹ́ jáde lọ́sàn-án."

"Ẹ ṣeun, ma. Láísẹ́ńsì mi ni mo wá gbà."

"Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ níbẹ̀ yẹn. Tá a bá ń jáde, màá fún ẹ."

"Mo fẹ́ mú un lọ ni, ma. Mo ti ríṣẹ́ síbòmíì. Àfi tẹ́ ẹ bá lè sọ iye tẹ́ ẹ máa máa san fún mi, kí n gbé e yẹ̀ wò."

Màdáámú kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé Jẹ́jẹ́ ò rẹ́rìn-ín, ojú ẹ̀ yí padà, ó jọ ẹni tí wọ́n já kulẹ̀.

"Owó? Ìwọ náà, Jẹ́jẹ́? Ọmọ ilé? Ṣé àwa àti ẹ̀yin la tún ń sọ̀rọ̀ owó?" Ó yíjú sí ògiri. "Bàbá, ní gbogbo ọdún yẹn, ṣé ẹ bi mí rí pé èló ni màá san?"

"Mi ò bi yín, ma."

"O gbọ́ bí? Torí wọ́n mọ̀ pé nǹkan ò lè ṣe wọ́n ká máa wòran. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sinmi. Mo ní ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ wá bá mi."

"Ó ti ṣẹlẹ̀, ma," Jẹ́jẹ́ ní. "Ojú wọn ń fọ́ lọ. Ọ̀kan ti lọ. Dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí ìkejì, a ò rówó ẹ̀ san."

"Yéè! Bàbá! Kẹ́ ẹ sì dákẹ́?" Màdáámú dìde, ó wọ yàrá lọ kíákíá. Wọ́n ń gbọ́ ọ tó ń ṣí àpótí, tó ń dá sọ̀rọ̀. Bàbá na ọrùn síwájú díẹ̀ lára ògiri. Jẹ́jẹ́ rí i. Ó rí ìrètí lójú bàbá ẹ̀, àánú ẹ̀ sì ṣe é débi pé ó gbójú kúrò.

Màdáámú padà dé pẹ̀lú páálí aláwọ kan. Ó ṣí i. Awò ojú ló wà nínú ẹ̀, góòlù ni wọ́n fi yí etí ẹ̀ ká.

"Ti Ọ̀gá ni," ó ní. "Látìgbà tí wọ́n ti kú, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Olówó ńlá ni. Ẹ gbà, Bàbá. Èmi ò lè fún àjèjì."

Tọkàntọkàn ló fi fún un. Omi ti lé sí i lójú. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó fi sójú, ó gbórí sókè. Ó wo ibi tí fèrèsé wà. Ó wo ibi tí ọmọ ẹ̀ jókòó sí. Ó wo ibi tí ohùn Màdáámú ti ń wá.

"Ẹ ń ríran? Ó dáa jù báyìí, àbí?"

"Rárá, ma," bàbá ní.

Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ, ó sì kọ́kọ́ rò pé etí òun ló ń tan òun jẹ. Kò gbọ́ ọ rí láyé kí bàbá ẹ̀ sọ rárá fún obìnrin yìí. Kódà nígbà tí ibà ń gbọ̀n ọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n pè é pé kó wá gbé ẹnì kan ní pápákọ̀ òfuurufú, "Ó ti yá, ma" ló sọ.

Bàbá bọ́ awò ojú náà. Ó pa apá ẹ̀ dé, ó fọwọ́ wá tábìlì, ó sì rọra gbé e lé e lórí.

"Ẹ fún ọmọ mi ní láísẹ́ńsì ẹ̀, ma."

"Bàbá, ẹ̀yin náà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ma. Iṣẹ́ ń dúró dè é."

Màdáámú dìde. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ. Láísẹ́ńsì inú ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Dírẹ́bà méjì kan tó sá ò padà wá gba tiwọn. Ó mú ti Jẹ́jẹ́ jáde, ó nà án sí i láìwo ojú ẹ̀. Ó ti fẹ́ ti dúrọ́ọ̀ padà.

"Àti tèmi, ma," bàbá ní.

"Tiyín? Tiyín ti kú tipẹ́, Bàbá. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Tèmi ni."

Ó wá a títí, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà. Èèpo ẹ̀ ti pọ́n. Nínú fọ́tò ẹ̀, ọkùnrin kan tí kò ní ewú kankan lórí ń wo èèyàn tààràtà, kò sí yunifọ́ọ̀mù lára ẹ̀. Bàbá fi àtàǹpàkò nu ojú fọ́tò náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí i, ó sì fi sápò àyà.

Nígbà tí wọ́n jáde sí títì, ọ̀sán ti ń wọlé bọ̀. Gáréèjì sì jìnnà. Jẹ́jẹ́ wo ọ̀nà, ó wo bàbá ẹ̀, ọkàn ẹ̀ ò lélẹ̀.

"Mi ò lè fi yín sílẹ̀ níbí, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ibi bọ́ọ̀sì ná."

"Ẹni tó ń ṣọ́ géètì á mú mi débẹ̀. Sáré."

"Bàbá..."

"Mo ní má dúró dè mí!" Ó ti pẹ́ tó ti jágbe mọ́ ọn báyìí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti dúró títí, Jẹ́jẹ́. Èyí tí mo dúró ti tó fún gbogbo ilé wa. Ó yá, máa lọ."

Jẹ́jẹ́ sáré. Ó kó sí bọ́ọ̀sì, ó bọ́ sílẹ̀, ó tún sáré, bàtà ẹ̀ kan já, ó mú un lọ́wọ́. Nígbà tó dé gáréèjì, ọkùnrin tó wà ní sẹpẹ́ ti jókòó sí iwájú ọ̀gá gáréèjì, ó ti ń wo kọ́kọ́rọ́ bí ẹni ń wo oúnjẹ. Jẹ́jẹ́ gbé láísẹ́ńsì sórí tábìlì. Kò lè sọ̀rọ̀, èémí ò jẹ́.

Ọ̀gá gáréèjì wo káàdì, ó wo obìnrin tó mú bàtà lọ́wọ́, ó wo aago ògiri. "Mo ní kó tó di ọ̀sán," ó ní, "ọ̀sán ò tíì pé. Díẹ̀ ló kù, ṣùgbọ́n o dé. Wá fi ẹ̀yìn gbé ọkọ̀ yẹn wọlé kí n rí ẹ."

Ó fi ẹ̀yìn gbé e wọlé láàárín ọkọ̀ ńlá méjì, kò gbo ìkankan lára wọn. Wọ́n fún un ní aṣọ iṣẹ́ tó fẹ̀ ju ara ẹ̀ lọ. Ó ká ọwọ́ ẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ ẹ̀, ó wá bi ọ̀gá náà léèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ń san owó.

"Ọjọ́ tí oṣù bá parí ni," ọkùnrin náà ní, ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. "Ṣebí owó oṣù ni? Ìgbà wo làwọn tó o bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ń san tiwọn?"

Ẹ̀rín gbé Jẹ́jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí sẹ́yìn ọkọ̀ sì ń wo ara wọn.

Ọ̀nà tí wọ́n kọ́kọ́ fún un lọ́sàn-án yẹn gba àdúgbò wọn kọjá. Kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa á dà. Nígbà tó yà sí òpópónà ilé wọn, àwọn ọmọdé tò tẹ̀ lé e. Onítákísí fọwọ́ bo imú, ó sì ń fi ọwọ́ kejì júwe sí i pé kó máa bọ̀, kó máa bọ̀, bí ẹni tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú. Ìyá fúnra ẹ̀ ló gbé garawa pàǹtí ilé wọn jáde. Ó gbé e fún àwọn ọmọkùnrin ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wá dúró, ó gbé ojú sókè síbi tí ọmọ ẹ̀ jókòó sí, ó ga púpọ̀. Ó fi etí aṣọ nu ojú.

Bàbá ti dé. Ó wà lórí bẹ́ńṣì ẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù funfun wà lórí okùn lẹ́yìn ẹ̀, omi ń kán lára ẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì ilé ló wọ̀. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dijú.

"Bàbá Dírẹ́bà!" Ìyàwó Onítákísí ń pariwo lójú fèrèsé, ó fi ìka méjì fún imú. "Ṣé ẹ ń gbọ́ òórùn ọkọ̀ ọmọ yín?"

"Ẹ́ńjìnnì ni mò ń gbọ́," bàbá ní. "Ẹ dákẹ́ ná."

Àwọn ọmọkùnrin ẹ̀yìn ọkọ̀ fọwọ́ gbá ara ọkọ̀ pé ó tán, kó máa lọ. Jẹ́jẹ́ fi í sí gíá kìíní, ó fi í sí ìkejì, ọkọ̀ ńlá náà mí kanlẹ̀, ó gbéra. Kò tíì kọjá agboolé wọn nígbà tó gbọ́ ohùn bàbá ẹ̀ lẹ́yìn, ohùn náà lágbára, ó bo ariwo ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

"Jẹ́jẹ́! Kílọ́ọ̀ṣì! Gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì!"

Ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀. Ó gbé e kúrò.